Ibi Tí A Fi Máíkírówéfù Ìyá Mi Sí

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò fi ọ̀rọ̀ náà bò. Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ìyá wa ní Ìtòkò, ó gbé ìkòkò kan tí ìdí rẹ̀ ti jóná sókè, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kejì rèé. Mi ò ní dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta. Màámi ń bá mi lọ sílé mi ní Alábàtà."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Ìyá wa gbé ọbẹ̀ àná ka orí gáàsì kékeré tó wà nílẹ̀, ó lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ de ìgbà tí ọbẹ̀ náà yóò gbóná, oorun sì gbé e lọ. Aládùúgbò ló rí èéfín tó wá pa iná. Oṣù tó ṣáájú, bákan náà ni. Ìyá wa ti lé ní ọgọ́rin ọdún, òun nìkan ló ń gbé inú ilé tí bàbá wa kọ́ kó tó kú, kò sì fẹ́ gbé ibòmíràn. Obìnrin kan ládùúgbò ń wá se oúnjẹ sílẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó ń kó o sínú fíríìjì. Kí oúnjẹ tútù yẹn gbóná láìsí ewu, ibẹ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ kù sí.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kó fún mi ní àsìkò díẹ̀, kí n ra máíkírówéfù tí a ó kì bọ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìntì ni ẹ̀gbọ́n mi. Kò mọ bí a ṣe ń fún ènìyàn ní àsìkò láìfi ìdánwò sí i.

"Ó dáa," ó ní. "Ọjọ́ tí o bá ṣe é tán, màá wá. Bí Màámi bá mú oúnjẹ wọn gbóná lójú mi, láìsí ẹni tó ràn wọ́n lọ́wọ́, kí wọ́n máa gbé ilé wọn. Bí wọn ò bá lè ṣe é, ẹrù wọn ni wàá bá mi dì."

Ìyá wa ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí àga rẹ̀. "Ẹ máa ná mi lọ," ó ní. "Bí ẹ bá ti ná ewúrẹ́ yín tán, ẹ pè mí."

Kì í ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ nìyí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn mo ti ra kékeré kan fún un, èyí tí wọ́n ń gbé ka orí tábìlì. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í jẹ́ kí ohun tó níye lórí wà ní ìhòòhò. Tẹlifíṣọ̀n ní aṣọ, fíríìjì ní aṣọ, rédíò bàbá wa tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ ní aṣọ, gbogbo rẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ fi òwú funfun hun. Ó hun ti máíkírówéfù náà, ó fi bò ó títí dé ẹ̀yìn, ó sì gbé agolo gàrí lé e lórí kí afẹ́fẹ́ má baà ṣí i. Oṣù mẹ́ta kò pé tí ẹ̀rọ náà fi dákẹ́. Oníná tí mo pè ká aṣọ náà kúrò, ó wo àwọn ihò tí ooru yẹ kó máa gbà jáde, ó ní, "Màmá, ẹ ti fún un lọ́rùn pa."

"Èmi tí mo daṣọ fún un?" ni ìyá mi wí. "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ni èyí yóò wà, níbi tí kò ti ní orí tí ènìyàn lè daṣọ bò. Ìdí kejì ni àpáta. Ilé ìdáná wa fẹ̀yìn ti àpáta, bí ọ̀pọ̀ ilé àdúgbò wa. Ẹni tó bá fẹ́ mú un gbòòrò, òkúta ni yóò kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Tábìlì kan ṣoṣo ló gbà, tábìlì náà sì ti kún.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, àpáta yẹn ni ògiri kẹrin ilé ìdáná. Ààrò mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀, ńlá, kékeré àti èyí tó kéré jù. Èéfín ti kun àpáta náà dúdú títí ó fi ń dán bí awọ bàtà. Ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dáná tán, ó ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo sì máa ń fẹ̀yìn tì í ka ìwé mi sókè fún ìyá mi. Kò kàwé, ṣùgbọ́n bí mo bá fo ìlà kan, á mọ̀. "Padà sẹ́yìn," ni yóò wí, "ọ̀rọ̀ yẹn ò délẹ̀."

Bàbá wa ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì lọ́nà Papalanto. Àwa ọmọ á ti jẹun tán kó tó dé, pẹ̀lú eruku funfun ní ìpéǹpéjú. Ìyá mi kì í tún iná dá nítorí rẹ̀. Bó bá ti se oúnjẹ tán, á fa ẹyin iná sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbẹ́ ihò kékeré sínú eérú gbígbóná, á gbé abọ́ tánganran tó ní ìdérí sí i, á sì fi òkúta tẹ ìdérí náà nítorí ológbò. Tí bàbá wa bá wọlé, tí wọ́n bá ti kíra tán, gbólóhùn kan náà ni lójoojúmọ́: "Oúnjẹ yín wà nínú eérú."

Iṣẹ́ ìròyìn ti gbé mi jẹun ní ibi púpọ̀. Mi ò tíì rí ibi tí ooru ti ń jáde lára ìrẹsì ọ̀fadà bíi ti abọ́ yẹn, pẹ̀lú òórùn èéfín díẹ̀, àti orí ẹja tí bàbá wa máa ń fi sílẹ̀ fún ọmọ tó bá kọ́kọ́ bá a tú okùn bàtà. Lẹ́yìn náà ni gáàsì dé. Wọ́n wó ààrò, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, inú gbogbo wa dùn. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí oúnjẹ yóò ti máa dúró de ènìyàn láti ìgbà náà lọ.

Ọjà Pànṣẹ́kẹ́ ni mo ti lọ ra ẹ̀rọ náà. Àlájà kan ló ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún, ọmọ ìdílé oníṣòwò láti àárín ìlú. Ó kọ́kọ́ fi èyí tó tóbi hàn mí, dúdú, tó ń dán, tí kò ní bọ́tìnì kankan, gíláàsì lásán tí ènìyàn ń fọwọ́ kàn.

"Eléyìí ni wọ́n ń rà báyìí," ó ní. "Ta ni yóò lò ó?"

"Ìyá mi ni."

"Ṣé wọ́n ń ríran?"

"Wọ́n ń ríran bí wọ́n bá fẹ́."

Ó gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká fi èyí sílẹ̀. Ìyá tèmi ní irú rẹ̀. Wọ́n fọwọ́ kàn án, kò dáhùn. Wọ́n tún fọwọ́ kàn án, ó han. Wọ́n bú u, wọ́n sì fi ìdí ṣíbí lù ú."

Ó wá mú mi lọ sídìí àwọn tó kéré, tí wọ́n ń yí bọ́tìnì wọn bíi ti rédíò àtijọ́. Mo béèrè iye iná tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fà, nítorí oníná ti kìlọ̀ fún mi pé bátìrì sólà ilé wa kò lè gbé èyí tó tóbi. Mo béèrè bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí. Ọ̀kan ń ṣí wálẹ̀ bí ẹnu ọkọ̀ akẹ́rù. Àlájà ní kí n má rà á fún àgbàlagbà: "Ilẹ̀kùn náà á wà láàárín wọn àti abọ́ gbígbóná. Èyí tó ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kí ẹ mú." Mo béèrè àlàfo tó yẹ kó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo béèrè bóyá wọ́n lè gbé tánganran sínú rẹ̀.

"Irin ni tánganran o," ó ní. "Ìyá àgbà mi ló ń tà á, ẹ má gbé e wọbẹ̀." Ó ta abọ́ gíláàsì méjì fún mi. Ó wá wò mí. "Ẹ̀ ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá."

"Oníròyìn ni mí."

"Háà. Ó wá burú ju ọlọ́pàá lọ."

Káfíńtà tó ṣe kọ́bọ́ọ̀dù náà ń ti Wásinmi wá lórí ọ̀kadà. Ó ní kí n dúró ṣánṣán, ó fi tépù wọn mí láti ilẹ̀ dé àyà, ó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sára ògiri. "Ibí yìí ni wọ́n ń fi í sí nílé àwọn olówó," ó ní. Ó fẹ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ dé pátápátá kí aláǹgbá má baà gbébẹ̀. Mo ní kó lu ihò sí i, nítorí èyí tí a ti fún pa tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Ìyá mi ń wò wá láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mo rò pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn ni.

Ọ̀sán Sátidé ni ẹ̀gbọ́n mi dé. Ó gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó jókòó, ó ní, "Màámi, ó yá."

Ìyá mi mú abọ́ ọbẹ̀ jáde látinú fíríìjì. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà. Ó ní láti gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ga kọjá àyà kí abọ́ náà tó wọlé. Ó yí bọ́tìnì. Ẹ̀rọ náà kùn, ó dákẹ́, ó lu aago rẹ̀. Títí débẹ̀, ó ń yege. Ìgbà tó fẹ́ gbé e jáde ni wàhálà dé. Ọ̀gangan ojú rẹ̀ ni abọ́ náà wà, kò rí inú rẹ̀. Ó fà á, abọ́ dẹ̀gbẹ́, ọbẹ̀ sì dà sí i lọ́wọ́ àti sára ìró. A dúpẹ́ pé kò tíì gbóná tó láti bó ènìyàn. Mo sáré bu omi tútù sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde. Kò pariwo. "O ti rí i," ó sọ fún mi. "Màámi, ẹ jẹ́ ká lọ. Yàrá wà."

Ìyá mi nu ọwọ́ rẹ̀, ó fa àpótí rẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì, ó jókòó lé e níwájú kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ tí a kó ìkòkò sí. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

"Ibí ni ọwọ́ mi ti ń ṣiṣẹ́," ó ní. "Ṣé ẹ ti rí mi kí n dúró se oúnjẹ rí? Ẹ̀yin lẹ̀ ń dúró. Ẹ wọn ara yín, ẹ wá ní kí n fi jẹun."

Mo ti béèrè lọ́wọ́ Àlájà, lọ́wọ́ oníná, lọ́wọ́ káfíńtà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì ń kọjá níwájú rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?" mo bi í.

"O ò bi mí."

Ẹ̀gbọ́n mi wo àpótí náà, ó wo ìyá wa lórí rẹ̀, ó jókòó padà. "Sátidé tó ń bọ̀," ó ní. "Àtúnṣe ìdánwò nìyẹn. Mi ò ní ṣe ẹlẹ́ẹ̀kẹta."

Káfíńtà padà wá lọ́jọ́ Ajé, inú rẹ̀ kò dùn. "Ọ̀gá, mi ò gbé ẹ̀rọ yìí sísàlẹ̀ rí. Bí àwọn èèyàn bá bi mí, màá ní èmi kọ́."

"Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé èmi ni," ni ìyá mi dáhùn.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá mi ni káfíńtà wọ̀n. Ó ní, "Ìyá, ẹ jókòó dáadáa. Ẹ na ọwọ́. Ẹ fà á padà." Ó wọn láti orúnkún dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó gbé ìkòkò lọ sókè, ó gbé ẹ̀rọ wá sísàlẹ̀, ó fi pákó gbé e kúrò nílẹ̀ díẹ̀ nítorí omi tí wọ́n fi ń fọ ilé. Bó ti ń ṣiṣẹ́, ó ń sọ fún ìyá mi nípa ìyá tirẹ̀ ní Wásinmi, tó ń jókòó ro láfún, tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì di ìkòkò mú. "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é," ni ìyá mi wí. "Ta ló ń dúró ro láfún? Ṣé ó ń sá lọ ni?"

Sátidé kejì, ìyá mi jókòó sórí àpótí. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé abọ́ ìrẹsì wọlé, ó yí bọ́tìnì, ó káwọ́ lé itan, ó ń wo iná inú ẹ̀rọ náà bí ẹni ń wo ààrò. Nígbà tó lu aago, ó fi aṣọ di abọ́ náà mú, ó gbé e jáde sórí itan tó ti tẹ́ aṣọ lé, ó ṣí i. Ooru yọ. Kò fi kan ẹnu ara rẹ̀. Ó bu ṣíbí kan, ó nà án sí ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi gbà á. Ó fẹ́ ẹ, ó jẹ ẹ́, ó fọwọ́ bo ẹnu. "Ó gbóná jù," ó ní.

"Ẹni tó bá fẹ́ tútù mọ ọ̀nà Alábàtà," ni ìyá wa wí.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó jẹ ìrẹsì náà tán pẹ̀lú ìyá wa láti inú abọ́ kan náà, ó sì dìde kí òjò tó dé. Mo sìn ín sọ̀kalẹ̀ láàárín àwọn àpáta títí dé ibi tó ti máa wọ ọkọ̀.

"Mo ti kun yàrá tí mo ní fún Màámi," ó ní. "Mo ra bẹ́ẹ̀dì kúkúrú kan tí ẹsẹ̀ wọn á máa kanlẹ̀. Mo gbé e kọjú sí fèrèsé kí wọ́n lè máa rí àwọn tó ń lọ sóko."

Mo bi í pé kí ni yóò wá fi ṣe.

"Akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n á gbà á." Ọkọ̀ dé, ó wọlé, ó fa fèrèsé sílẹ̀. "Má sọ fún Màámi o," ó ní. "Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ro tèmi."