Omi Ọyàn Saturnina

Orí òkè àwọn darandaran ni wọ́n ti mú Saturnina wá sí ààfin Madrid, kó wá máa fún ọmọ Ọbabìnrin lọ́yàn. Ó fi Colás, ọmọ tirẹ̀ tí kò tíì hu ehín, sílẹ̀ fún ìyá ọkọ. Òjò dídì ti pa gbogbo màlúù wọn. Kí ni kí wọ́n jẹ?

Ọmọ ààfin yìí kì í ṣe ọmọ lásán o. Ọba tó wàjà kò bí ọkùnrin, ó ní kí ọmọbìnrin òun jọba. Ni àbúrò ọba bá gbé ìbọn, ó ní obìnrin ò gbọdọ̀ jókòó sórí ìtẹ́ bàbá àwọn. Ogun parí, ẹnu ò parí. Ọbabìnrin sì ti ń bí àbíkú. Bí èyí náà bá lọ, kí ni yóò fi dúró? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kà á léèwọ̀ láti sọ ìròyìn burúkú fún Saturnina: ìbànújẹ́ ní í ba omi ọyàn jẹ́. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, Ginés ọkọ rẹ̀ gbé wàràkàṣì wá kí i. Doña Eulogia, olórí àwọn obìnrin ààfin, jókòó tì wọ́n, ó ń ṣọ́ ẹnu Ginés.

"Bàbá Colás, ẹ mà ti gbẹ o. Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Ẹnu wọn ò tíì sinmi."

Saturnina rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ó wà."

"Ẹ fọwọ́ wọ̀n ọ́n fún mi. Báwo ló ṣe gùn tó báyìí?"

Ginés ò mọ irọ́ pa. Ó na ọwọ́ méjèèjì. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju bí Colás ṣe gùn lọ́jọ́ tí ìyá rẹ̀ gbé e sílẹ̀.

Saturnina wo ọwọ́ náà títí. Doña Eulogia wúkọ́.

"Ó ti dàgbà," ni Saturnina wí.

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Kí ẹni tó bá láyà lọ sọ ọ́ fún un! Bó bá sunkún, wọn á lé e, á pàdánù ọmọ, á tún pàdánù owó tí wọ́n fẹ́ fi ra màlúù mìíràn.

"Saturnina, ọmọ ń ké," ni Doña Eulogia wí.

Ó gbé ọmọ Ọbabìnrin, ó sì tú àyà. Ó bẹ Ọlọ́run kí ìbànújẹ́ mú ọyàn náà gbẹ. Kò gbẹ. Ó ń dà ṣàà, ọmọ náà ń gbé e mì, ara Saturnina fúnra rẹ̀ sì ń rí i lára.