Nígbà tí Ọmọ Mi Fẹ́ Di Nọ́ọ̀sì Alágbàṣe

Mo rántí ìgbà tí ọmọ-ọmọ mi, àbíkẹ́yìn nínú àwọn mẹ́ta, gbójú sókè láti inú àwo ìrẹsì rẹ̀, tó wo irùngbọ̀n funfun ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, tó sì pè mí ní Mọ́mì. Ẹ̀rín ni mo fi ṣe. Ìyá rẹ̀, ọmọ mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀ ni, bàtà ò tíì kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbọ́. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ilé wọn ní Dagenham nílùú òyìnbó, ní apá Goresbrook, ni mò ń gbé, kí n lè bá wọn mójú tó àwọn ọmọ. Wọ́ọ̀dù kan náà ni ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti dé ìlú yìí, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ló sì ń sọ ọjọ́ tí yóò wá àti ọjọ́ tí yóò sinmi. Bí ilé ìwé pe òbí, ó wà níbi iṣẹ́. Bí ọmọ ṣe ọjọ́ ìbí, ó wà níbi iṣẹ́. Ló bá ní òun fẹ́ fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀, kí òun máa gba iṣẹ́ ojoojúmọ́ lọ́wọ́ éjẹ́ńsì. Àwọn ni yóò máa pè é lórí fóònù pé ilé ìwòsàn báyìí ń wá nọ́ọ̀sì. Bó bá wù ú, kó lọ, bí kò bá wù ú, kó jókòó.

"Bí wọn ò bá wá pè ńkọ́?" ni ọkọ rẹ̀ bi í. Ọmọlúàbí ni, bọ́ọ̀sì ló ń wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tètè máa ń bà á. "Lánlọ́ọ̀dù ò ní bá wa dúró de fóònù o."

Mi ò ka ìwé mẹ́fà tán, ṣùgbọ́n etí mi ò di. Mo ní, "Ṣé àgbàṣe kọ́ nìyẹn?" Alágbàṣe ni èmi náà nígbà èwe mi ní Èkìtì. Bí mo bá gbé ọkọ́ sókè, koríko á ti máa wó kí irin tó kàn án. Àwọn olóko a máa jà nítorí mi. Ọ̀kan tilẹ̀ fi ọmọ rẹ̀ fún mi kí n má baà lọ sóko ẹlòmíràn. Ìyá àwọn ọmọ mi nìyẹn. Òun kì í gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń sọ̀tàn.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n gbádùn. Ta ni olóko nínú éjẹ́ńsì yìí? Ṣé alágbàṣe lè yan olóko? Mo bi ọmọ mi títí ó fi sú u. Ó ní òun ti forúkọ sílẹ̀, òun yóò fi ọjọ́ ìsinmi òun dán an wò ná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń wẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Mo gbé e. Ọkùnrin éjẹ́ńsì ni. Iṣẹ́ wà lọ́la ní òdìkejì odò Thames. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti bí mi, alágbàṣe kì í gba oko láìdúnàádúrà, ẹni tó sì ní ọmọ kékeré kì í gba oko tí kò ti lè gbọ́ àkùkọ ilé rẹ̀. Mo kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Mo wá fi Gẹ̀ẹ́sì tí mo ní sọ fún un pé, "Ó jìnnà jù. Mú un súnmọ́ wa."

Ó ní ta ló ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá rẹ̀ ni. Ọmọ mẹ́ta ló ní. Bọ́ọ̀sì kan, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó ní òun á tún pè.

Nígbà tí mo ròyìn fún ọmọ mi, ó káwọ́ lérí. "Yéè! Bàbá, ẹ pa mí o! Ta ní ń ná nọ́ọ̀sì bí ẹní ń ná ewúrẹ́?"

"Ewúrẹ́ kì í sọdá odò kó fi ọmọ sílẹ̀."

Fóònù náà ò dún mọ́. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń fi ṣíbí ro tíì rẹ̀, ṣíbí náà ń pariwo pé, "Mo ṣáà ti wí." Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ọkùnrin náà pè padà: ibì kan ní Barking, bọ́ọ̀sì kan péré. Ó ní kí ọmọ mi bá òun kí Bàbá. Bí iṣẹ́ ìtòsí ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wọlé nìyẹn, tí ọmọ mi fi kúrò ní wọ́ọ̀dù.

Ìyẹn kọ́ ni mò ń rántí jù. Ọjọ́ kan, ara àbíkẹ́yìn gbóná. Iṣẹ́ ti dákẹ́ lọ́sẹ̀ náà, fóònù ọmọ mi wá dún. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó. Mo lanu láti sọ pé màá mójú tó ọmọ, mo tún pa á dé.

"Ẹ má bínú," ni ọmọ mi wí, "mi ò lè wá lónìí."

Ó gbé fóònù kalẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé ìlú yìí, mi ò gbọ́ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá kankan rí. Ọkọ rẹ̀ dìde, ó gbé ọmọ náà lé e lẹ́sẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́, ó lọ síbi iṣẹ́.

Títí dòní, bí iṣẹ́ bá dákẹ́, àyà wa a máa já, mi ò sì lè búra pé ọ̀nà tó dára jù la yàn. Àwọn àgbà ní ohun tó bá wuni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Mo ti bu iyọ̀ sí ọ̀pọ̀ ìtàn láyé mi, ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ yẹn kò gba iyọ̀. Ọmọ sùn lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀ títí di ọ̀sán, èmi sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mi ò níṣẹ́ kankan láti ṣe.