Bàmú Bàbá Bọ́ Sí Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀tún

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó ti rẹ̀ mí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí lọ́sẹ̀ yìí nídìí iṣẹ́ fọ́tò tí mò ń ṣe n'Ílàrè.

Obìnrin kan, Ìyá Bọ́lá, wá bá mi láti Òkè-Ogbó. Ó ní ìyá òun àti bàbá òun ò jọ ya fọ́tò pọ̀ rí títí Bàbá fi kú, ìyẹn ló sì ń dun Mama jù. Ó mú fọ́tò Bàbá kan tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ wá, pẹ̀lú ọ̀kan tí Mama dá yà. Ó ní kí n gbé Bàbá jókòó ti Mama, káwọn lè gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ó ní ṣebí kọ̀ǹpútà ló máa ṣe é, kí n ṣáà má pẹ́.

Kọ̀ǹpútà ló máa ṣe é! Ta ló wá máa jókòó ti kọ̀ǹpútà? Mo gé Bàbá kúrò lára ògiri tó wà lẹ́yìn wọn, mo fi wọ́n sórí layer tiwọn, ìyẹn ìpele ọ̀tọ̀ nínú kọ̀ǹpútà, mo fi Mama sórí òmíràn, mo wá tẹ́ àga sábẹ́ àwọn méjèèjì. Etí fìlà Bàbá nìkan gba odindi ọ̀sán lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yìn ń dùn mí, iná ń lọ, iná ń bọ̀.

Wàhálà tó kù ni pé Bàbá kọjú síta, wọ́n kẹ̀yìn sí Mama bí ẹni tí wọ́n jọ jà. Mo bá flip wọn, òsì wọn di ọ̀tún bí ìgbà téèyàn ń wo dígí, wọ́n sì kọjú síyàwó wọn. Mo fi ránṣẹ́ sí Ìyá Bọ́lá, ó ní ó dáa gan-an. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo fi férémù sí i, mo gbé e lọ sílé wọn fúnra mi.

Mama gbà á, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Ta nìyí?"

Ìyá Bọ́lá ní Daddy ni. Mama ní rárá o, pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ni wọ́n dá ilà bàmú ọkọ àwọn sí, látorí imú wá sísàlẹ̀, pé ti ẹni yìí wà lọ́tùn-ún. "Ọkọ ọlọ́kọ lẹ gbé jókòó tì mí yìí."

Ojú tì mí. Ṣé ọmọ Yorùbá ni mí ṣá, tí mo flip ẹni tó kọlà?

Mo dọ̀bálẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Mo wá ṣàlàyé pé tí mo bá dá a padà, Bàbá ò ní kọjú sí wọn mọ́. Mama rẹ́rìn-ín, omi sì lé sójú wọn.

"Ọmọ mi, ìgbà wo ni wọ́n kọjú sí mi? Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń wò tá a bá jókòó, kálejò má bàa bá wọn lójijì. Kí wọ́n máa wo ibi tó bá wù wọ́n. Àwọn ṣáà ni kó jẹ́."

Mo lọ tún un ṣe. Bàbá ń wo ẹnu ọ̀nà, Mama sì gbé férémù náà mọ́ àyà.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tó báni gbé ló mọ ojú ẹni. Ẹ máa bi í kẹ́ ẹ tó tún ojú ẹnikẹ́ni ṣe. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ni wọ́n ti bá yín gbé wọnú fọ́tò rí, tẹ́ ẹ wò ó tẹ́ ẹ ní kì í ṣòun? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá kà á.