Páìpù Tó Di Búùṣì Mú

Ọdún tí apá ọ̀tún bàbá mi rọ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá wa leéèdì ní ṣọ́ọ̀bù wa láàárín ìlú Ọ̀wọ̀. Leéèdì ni ẹ̀rọ tí ń yí irin bírí-bírí kí ọ̀bẹ lè gé e dé ìwọ̀n tí a fẹ́. Àwọn ẹbí ní kí a tà á, pé obìnrin kì í ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Bàbá mi kàn ní kí n máa gbé àga òun sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan tó ní ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ní Upẹnmẹn sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Búùṣì ẹ̀rọ rẹ̀ ló mú wá, òrùka idẹ fẹ́lẹ́ kan tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀, tó ti jẹ gan-an.

"Bàbá dà?" ló bi mí.

Bàbá mi fọhùn láti orí àga: "Òun ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀."

Ìyá náà yíjú sí mi: "Ẹ̀gẹ́ tí a ti bó kún ilẹ̀ o, ọmọ mi. Bó bá fi di ọ̀la, ó bàjẹ́ nìyẹn."

Mo gbẹ́ inú idẹ tuntun, ó ku ẹ̀yìn rẹ̀. Bí eyín leéèdì ṣe dì í mú láti ìta, ó tẹ̀, ó rí gbọọrọ bí ẹyin. Inú ló yẹ kí a ti dì í mú, ọ̀pá tí a sì ń lò fún un ti kán tipẹ́. Ẹni tí ń ta irú ọ̀pá náà tí mo fóònù ní Benin ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kí òun tó rí i.

Ni ojú mi bá lọ sí àgékù páìpù irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo gé e, mo fá ẹ̀yìn rẹ̀ títí búùṣì fi lè wọ̀ ọ́. Mo fi ayùn la ẹnu rẹ̀, mo wá fi òòlù gbá irin ṣóńṣó kan wọ inú rẹ̀, kí ẹnu náà lè fẹ̀, kó di búùṣì mú láti inú. Mo tan ẹ̀rọ. Irin ṣóńṣó náà yọ, búùṣì fò lọ sábẹ́ tábìlì.

"Kí lo fi há a?" ni bàbá mi bèèrè.

"Òòlù ni, Bàbá."

"Ohun tí a kàn fi òòlù gbá wọlé ò lè dúró níbi tó ń yí."

Òótọ́ ni. Mo lu ihò sí àárín irin ṣóńṣó náà, mo fi bóòtù gígùn fà á wọlé, mo sì fi nọ́ọ̀tì fún un pinpin. Lọ́tẹ̀ yìí kò mì rárá. Idẹ ń ya bọ́ lẹ́nu ọ̀bẹ bí okùn wúrà. Mo pariwo, n kò mọ ìgbà tí mo pariwo!

Èmi àti ìyá náà jọ gun ọ̀kadà lọ sí Upẹnmẹn. Mo ki búùṣì náà bọ àyè rẹ̀, wọ́n fa ẹ̀rọ, ó dún. Ẹ̀gẹ́ funfun ń tú jáde, àwọn obìnrin tó jókòó ti ẹ̀gẹ́ wọn dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Oníleéèdì.

Nígbà tí mo padà dé, bàbá mi ní kí n gbé páìpù náà wá. Ó fi ọwọ́ òsì yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó fi àtàńpàkò tọ ojú ibi tí mo là.

"Fa àpótí sún mọ́ mi," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Wá kọ́ mi bí o ṣe ṣe é."