Ẹnu ìyá mi nínú fọ́tò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí èmi Àìná ròyìn fọ́tò kan tó dà mí láàmú fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Fọ́tò kan ṣoṣo ni ìyá mi ní láyé. Sakété ni wọ́n ti yà á, kò pẹ́ tí Dahomey gba òmìnira, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wa ṣe káàdì ìdánimọ̀. Ẹ wá wo ẹnu rẹ̀, ó là sílẹ̀ gbayawu! Àwọn akọ̀wé ò gbà á, wọ́n ní kó lọ ya òmíràn. Kó tó ya òmíràn, ó ti kú. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí nígbà yẹn. Mi ò rántí ohùn rẹ̀ rárá.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: kí ló ń fi ẹnu yẹn ṣe?

Bàbá mi ní ó ń yán ni, pé àtàárọ̀ ni wọ́n ti wà lórí ìlà nínú oòrùn. Mi ò gbà. Ṣé ẹni tó ń yán máa ń la ojú sílẹ̀ kedere bíi tirẹ̀ báyẹn? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin tó wà ní Pobè ní ẹnu ló yà á, torí kò rí irú ẹ̀rọ yẹn rí. Ìbátan wa kan tó ń ṣe tíṣà ní Ìlaròó wá dá sí i. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan, géèpù: ẹni tó lanu wòran, ẹni tó ń yán, ihò tó ṣí gbayawu, gbogbo wọn ló wà nínú rẹ̀. Ó dáa! Èwo wá ni ti ìyá mi níbẹ̀?

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo gbọ́ pé obìnrin tó bá ayafọ́tò di aṣọ tí wọ́n ń ta sẹ́yìn èèyàn mú lẹ́yìn ìyá mi lọ́jọ́ náà ṣì wà ní Yoko. Mo wá a lọ. Ó ń yan gàrí lọ́wọ́. Ó nu ọwọ́, ó wo fọ́tò náà títí, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ Àìná ọmọ rẹ̀ kọ́ yìí? Wọ́n ní kí ìyá ẹ má mira. O ti sáré bọ́ sójú títì, kámíọ̀ǹ akẹ́rù kan ń bọ̀. Ó pè ẹ́. Orúkọ ẹ ló wà lẹ́nu ẹ̀ yẹn."

Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́. Nígbà tí mo délé, mo mú dígí, mo pariwo pe Àìná. Ẹnu mi rí gẹ́lẹ́ bíi tirẹ̀.

Ẹ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà. Ẹ̀yin ńkọ́, ta ló wà nínú fọ́tò ilé yín tí ẹ ò tíì mọ ohun tó ń sọ? Ẹ sọ tiyín fún mi.