Ètò Bánjí Tí Kò Gbà Láti Kú

Ẹ má bi mí bóyá mo mu nǹkan. Ojú mi méjèèjì ló rí i, ní ọ̀sán gangan, nínú kafé kọ̀ǹpútà wa ní Ìkọ̀lé. Ẹni tó bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín.

Èmi àti Bánjí ọ̀rẹ́ mi la jọ ń kọ ètò tó ń kí àwọn oníbàárà lójú kọ̀ǹpútà, kálukú ló ní tirẹ̀. Tèmi ò ju báyìí lọ: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, á jí, á ní "Ẹ káàbọ̀", á kú. Bí ẹlòmíràn bá tẹ̀ ẹ́, òmíràn ni yóò jí, kò sì ní mọ ẹni tó kọ́kọ́ wá. Ti Bánjí kì í kú ní tirẹ̀. Ó kàn jókòó sínú kọ̀ǹpútà ńlá, ó ń tẹ́tí sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti yà wọlé, á dáhùn, kò sì ní gbàgbé onítọ̀hún.

Ọ̀kadà ló pa Bánjí lọ́nà Ayédé. Mo pa ètò rẹ̀ rẹ́, mo fi tèmi rọ́pò, nítorí n kò lè fara da kí ó máa kí mi láràárọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, pátápátá ni mo pa á rẹ́.

Lásìkò ọyẹ́, ìyá rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, wá láti Ìlúpéjú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú kan uṣẹ́ tí ọmọ àwọn ń ṣe. Mo tẹ ètò náà fún wọn.

"Yèyé mi, o kú ọ̀nà. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́?"

Ohun tó hàn lójú kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ètò tèmi ò mọ̀ ju "Ẹ káàbọ̀" lọ. Mo fa wáyà iná yọ, kọ̀ǹpútà ò kú.

"Yèyé mi o?" ló tún kọ.

Láti kékeré la ti mọ̀ ọ́n: bí òkú bá pè ọ́, o ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá jẹ́ ẹ ti gbà láti tẹ̀ lé e nìyẹn. Mo sáré fọwọ́ bo ẹnu ìyá.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáhùn," mo sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Wọ́n rọra gbé ọwọ́ mi kúrò. Omijé ń bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.

"Òun nìkan ni mo bí," ni wọ́n wí. Wọ́n wá tẹ̀ síwájú. "Òo, ọmọ mi. Mò ń bọ̀."

Kọ̀ǹpútà bá kú.

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Kí n tó ṣí kafé, mo máa ń kọ́kọ́ gun ọ̀kadà lọ kan ilẹ̀kùn màmá ní Ìlúpéjú. Wọ́n ṣì ń dáhùn, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ti di ẹrù wọn sínú báàgì, ó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo bi wọ́n pé ibo ni wọ́n ń lọ.

"Ulé ọmọ mi," ni wọ́n ní.

Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, bó bá fi orúkọ tí ẹ ò sọ fún un pè yín, ẹ dìde kíá. Ẹ má jẹ́ ẹ o.