Òru Ọ̀sán Gangan ní Agbowó

Bàdírátù ni orúkọ mi, àmọ́ tẹ́ ẹ bá bèèrè Bàdírátù ládùúgbò wa ní Agbowó, ẹ ò ní rí i. Ìyá Nùrẹ́nì ni kẹ́ ẹ bèèrè. Èmi ni mo ni ilé tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó yẹn. Èmi kì í dákẹ́, kò sí ayálégbé mi tí kò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dákẹ́ láyé mi, ó sì ń dùn mí títí dòní.

Tíṣà ni Fẹ́yìsetán, ayálégbé tí mo dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ará Iléṣà ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìbàdàn níbí ni wọ́n bí i sí, Òkè-Àdó sì ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé kan ní Bódìjà. Ọkọ rẹ̀, Theophilus Dáramọ́lá, ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Dùgbẹ̀ kó tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tó ní Ọlọ́run pe òun láti lọ wàásù ní Táílándì. Táílándì o! Èmi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí aago mẹ́ta ọ̀sán bá lù níbí, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló ń lù lọ́hùn-ún. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìjọ wọn ní àṣà kan. Bí nǹkan ò bá tíì tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọn á ti dìde níwájú gbogbo èèyàn, wọn á jẹ́rìí pé ó ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọn á máa jó, wọn á máa dúpẹ́. Wọ́n ní ìgbàgbọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni Theophilus ṣe dìde lọ́jọ́ ìsinmi kan tó ní físà òun, ti ìyàwó òun àti ti ọmọ òun ti jáde. Físà wo? Wọn ò tíì dá a lóhùn rárá! Ṣùgbọ́n ìjọ ti hó yè, pásítọ̀ ti dá ọjọ́, wọ́n ti gbé ọwọ́ lé wọn lórí, wọ́n ti tẹ àwòrán wọn sórí kàlẹ́ńdà. Àwọn náà ti pín fíríìjì, wọ́n ti pín ibùsùn, àní wọ́n pín odó. Ìyá Fẹ́yìsetán kúnlẹ̀ lọ́jọ́ náà, arúgbó tí orúnkún ń dùn, ó ní kí Ọlọ́run bá òun ṣọ́ ọmọ òun. Ìjọ fi orin sìn wọ́n dé Ìwó Road, wọ́n wọ ọkọ̀ Èkó.

Wọ́n lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní Èkó. Físà ò jáde. Nígbà tí wọ́n pe pásítọ̀, ó ní kí wọ́n rọra padà wá, kí ẹnikẹ́ni má rí wọn, nítorí táwọn èèyàn bá rí wọn, wọn á ní irọ́ ni ẹ̀rí ìjọ. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó ní yóò ti jáde. Ọ̀kan nínú àwọn díákónì wọn ti gbé ilé mi rí, òun ló gba yàrá méjì fún wọn, òun ló sì fi Ọlọ́run bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní kò burú. Ṣé ọ̀sẹ̀ méjì kọ́?

Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kan, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ọ̀sán, mo kan ilẹ̀kùn wọn nítorí ọ̀rọ̀ omi kànga. Ọmọ wọn, Ìdùnnú, ọmọ ọdún méje, ló ṣílẹ̀kùn, tó fi ìka sẹ́nu pé kí n má sọ̀rọ̀. Inú yàrá ṣókùnkùn biribiri. Wọ́n ti kan bùláńkẹ́ẹ̀tì mọ́ fèrèsé nínú ooru yẹn. Fẹ́yìsetán wọ aṣọ àwọ̀sùn, ó dé fìlà orun, òógùn bò ó, ó ń wo fóònù.

Ó ní, "Màmá, ilẹ̀ ti ṣú níbí mà. A ti fẹ́ sùn."

Ohùn arúgbó dáhùn látinú fóònù pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa." Ni kẹ̀kẹ́ kan bá fọn fèrè nísàlẹ̀. Màmá ní, "Ṣé kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀ náà ni?"

"Ó wà mà."

Ó ń ṣe mí bíi kí n rẹ́rìn-ín, ó ń ṣe mí bíi kí n bú sẹ́kún. Nígbà tó pa fóònù, mo kò ó lójú. Mo ní, "Ìyá Ìdùnnú, ìyá tó bí ẹ lò ń purọ́ fún lọ́sàn-án gangan?"

Ó ní, "Kì í ṣe irọ́ mà. Ìgbàgbọ́ ni." Ṣùgbọ́n kò lè wò mí lójú.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni àbúrò rẹ̀, Fadékẹ́mi, pè. Kíndìnrín Màmá ti daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti gbé e sí ọsibítù ní Òkè-Àdó, dókítà sì ti ní kí wọ́n pe àwọn ọmọ. Ohun tí Màmá ń wí lójoojúmọ́ ni pé òun fẹ́ rí Fẹ́yìsetán.

Theophilus pe pásítọ̀. Ó gbé ohùn fóònù sókè débi pé èmi tí mo wà lọ́dẹ̀dẹ̀ gbọ́. Pásítọ̀ ní, "Arákùnrin, ẹ̀mí gbogbo àwọn tó ń ṣègbé ní Táílándì, àti ẹ̀mí ìyá kan ṣoṣo, èwo ló pọ̀ jù?" Wàláhì, ohun tí Theophilus wí ni "Àmín". Àmín! Ó ń ṣe mí bíi kí n lọ fi omi gbígbóná dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ kejì, Fẹ́yìsetán bá mi ní ilé ìdáná. Ó kúnlẹ̀.

"Ìyá Nùrẹ́nì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wá aṣọ ẹ̀hà."

Ẹlẹ́hàá ni ìyàwó àbúrò mi kó tó kú, aṣọ rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí mi. Mo gbé e fún un. Ó wọ̀ ọ́, ó bo ojú, ó ku ẹyinjú nìkan. Ọkọ rẹ̀ gbà kó fi í bojú lọ sí ọsibítù, ṣùgbọ́n ó ní kó fi fóònù sílẹ̀, kó má baà dún lára rẹ̀ níbẹ̀. Nínú ọkọ̀ mákírà tó gbé wa lọ, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, màá ṣí ojú mi. Kí ìjọ lé mi. Kí ọkọ mi lé mi. Mo fẹ́ kí ìyá mi rí mi." Mo ní, "Óò, ọmọ mi. Ṣí i."

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tá a wọlé. Màmá ti rù, ó kéré lórí ibùsùn. Fadékẹ́mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ẹlòmíràn wà níbẹ̀: Fọláyọ̀, ìyá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìjọ wọn, òun ló di fóònù Màmá mú. Wọ́n ti fi kàlẹ́ńdà ìjọ kọ́ ara ògiri, Fẹ́yìsetán, ọkọ àti ọmọ ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Mo ní aláìsàn kan la wá kí ní yàrá kejì, la bá ní ká kí gbogbo èèyàn. Màmá ní, "Ẹ ṣé o, Àlájà." Ó yíjú sí Fadékẹ́mi. "Bá mi pe ẹ̀gbọ́n rẹ."

Fọláyọ̀ ló tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé ohùn fóònù sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Theophilus ló gbé e.

"Màmá, ó ti sùn o. Ilẹ̀ ti ṣú níbí. Ṣé kí n jí i?"

Màmá ní, "Rárá o. Má jí i. Iṣẹ́ Olúwa ti rẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí ọmọ mi sùn."

Fọláyọ̀ mi orí. "Ẹ wo irú ọmọ tẹ́ ẹ bí, Màmá!"

Ṣí i. Mo ń wí i nínú ikùn mi, mo ń tẹ ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kejì gòkè dé ibi aṣọ ojú. Ni Fọláyọ̀ bá wo apá ọ̀dọ̀ wa. Ọwọ́ yẹn sọ̀ kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ ọsibítù, èjìká rẹ̀ ń mì. Èmi náà ńkọ́? Èmi ẹlẹ́nu gígùn, ẹnu mi di.

Màmá wò ó. "Àlájà, ta lẹ mú wá yìí? Ó ń sunkún."

Mo dúró kó dáhùn. 

Mo ní, "Ọmọ mi ni, Màmá."

"Aláàánú ọmọ ni. Á sin yín, Àlájà. Ẹ ò ní sin ín." Gbogbo yàrá ṣe àmín. Mo gbọ́ ti Fẹ́yìsetán lábẹ́ aṣọ.

Màmá kú ní ọjọ́ Jímọ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, pásítọ̀ ka lẹ́tà tó ní ó ti Táílándì wá, mo sì mọ̀ pé orí tábìlì mi ni Fẹ́yìsetán ti kọ ọ́. Inú fóònù ló ti wo bí wọ́n ṣe ń da erùpẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni, ojúmọmọ ni lọ́hùn-ún náà, kò sí ìdí fún bùláńkẹ́ẹ̀tì lójú fèrèsé, síbẹ̀ wọn ò ṣí i.

Ọjọ́ kejìlá sí ìgbà náà ni físà jáde. Wọ́n lọ lóòótọ́, ẹnikẹ́ni ò fi orin sìn wọ́n. Ó ti fọ aṣọ ẹ̀hà yẹn, ó lọ̀ ọ́, ó fi lé mi lọ́wọ́. Mo ní kó máa gbé e lọ, mi ò fẹ́ rí i mọ́.

Ara mi ò yá láti oṣù tó kọjá. Àdúrà Màmá ló ń wá sí mi létí. Ọmọ tí Màmá ní yóò sin mí, kò sin Màmá fúnra rẹ̀, láti Agbowó dé Òkè-Àdó níbí.